Ẹgbẹ́ Kọ́ọ̀bù àti Ọmọ Àjò: Ìtàn Síkáòtù Àwọn Ọmọ Kékeré àti Ohun Tí Ó Kan Àwa Yorùbá Ilẹ̀ Gánà Níbẹ̀

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà wa ti máa ń wí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí àjò, tí ó ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀, tí ó ń gbọ́ Twi tàbí Dagbani lójú pópó, tí ó sì ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kàwé, ilé rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ibi tí ó ti ń kó ẹ̀ṣọ́ pọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwa òbí àti àwa alàgbà ẹgbẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ wa ní ibi gbogbo tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń dé.

Ọ̀kan nínú irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ Kọ́ọ̀bù, ẹ̀ka Síkáòtù tí ó wà fún àwọn ọmọ kékeré, láti bí ọmọ ọdún 7 tàbí 8 títí dé bí ọmọ ọdún 10 tàbí 11. Bí ọmọ bá mú ìwé wálé láti ilé-ìwé pé kí òbí fọwọ́ sí i kí òun lè wọ ẹgbẹ́ yìí, ìbéèrè mẹ́ta ni a máa ń gbọ́ láàárín wa. Èkíní, kí ló pa ọmọ wa pọ̀ mọ́ ìkookò tí wọ́n ń fi ara wọn pè? Èkejì, kí ló dé tí wọ́n fi ń fi ọwọ́ òsì kí ara wọn? Ẹ̀kẹta, irú ìlérí wo ni wọ́n ń mú ọmọdé ṣe, ta ni wọ́n sì ń ṣe é fún? Ìbéèrè gidi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìtàn ni yóò bá wa dáhùn wọn, kí òbí tí ó bá fọwọ́ sí ìwé náà, tàbí tí ó bá kọ̀ ọ́, lè mọ ohun tí òun ń ṣe.

Bí Síkáòtù ṣe bẹ̀rẹ̀

Robert Baden-Powell, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní ọdún 1857, ni ó dá Síkáòtù sílẹ̀. Nígbà tí àwọn Boer sàga ti ìlú Mafeking ní South Africa fún ọjọ́ 217, láti oṣù October 1899 títí di oṣù May 1900, òun ni olórí àwọn ọmọ ogun tí ó wà nínú ìlú náà. Wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin aláwọ̀ funfun jọ níbẹ̀, wọ́n fún wọn ní aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n sì ń rán wọn níṣẹ́ káàkiri ìlú. Baden-Powell rí i pé bí a bá gbé iṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́, tí a sì fọkàn tán an, ọmọ náà a máa ṣe é bí àgbà. Kí a má sì gbàgbé pé àwọn aláwọ̀ dúdú, pàápàá àwọn Barolong, gbèjà ìlú yìí pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìròyìn tí wọ́n gbé lọ sí London kò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ wọn. Sol Plaatje, ọmọ ilẹ̀ náà tí ó jẹ́ ògbufọ̀ ní ilé-ẹjọ́ Mafeking, ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà ìsàgatì náà, ṣùgbọ́n ọdún 1973 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ní oṣù August 1907, Baden-Powell kó nǹkan bí ọmọkùnrin 20 lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó jẹ́ tuntun níbẹ̀ ni pé ó da ọmọ olówó pọ̀ mọ́ ọmọ òṣìṣẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ó ṣòro kí irú àwọn ọmọ méjì bẹ́ẹ̀ jókòó ti ìkòkò kan náà. Ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ó sì fi ọmọ bíi tiwọn ṣe olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1908 ni ìwé rẹ̀, Scouting for Boys, jáde, ẹgbẹ́ náà sì tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Samuel Wood ni ó dá a sílẹ̀ ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ní ọdún 1912. Ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1915.

Àwọn ọmọ kékeré fẹ́ tiwọn

Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ti tó nǹkan bí ọdún 11 sókè ni wọ́n dá Síkáòtù sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé àbúrò kì í jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n dá jáde? Àwọn ọmọ kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn ẹ̀gbọ́n wọn lọ sí ìpàdé. Bí wọ́n bá lé wọn, wọn a tún yọjú lẹ́yìn ọgbà. Àwọn olórí kan gbà wọ́n wọlé, àmọ́ ìrìn àwọn ẹ̀gbọ́n ti gùn jù fún wọn, iṣẹ́ ibẹ̀ sì wúwo jù. Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Ní ọdún 1914 wọ́n ṣe ìlànà àkọ́kọ́ fún àwọn ọmọ kékeré yìí, ní ọdún 1916 ni ìwé tiwọn, The Wolf Cub's Handbook, sì jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọbìnrin kékeré. Ọdún 1914 ni wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ lábẹ́ Gẹ́ẹ̀lì Gáìdì, wọ́n sì sọ wọ́n ní Rosebuds. Orúkọ náà kò wu àwọn ọmọ náà rárá, ni wọ́n bá yí i padà sí Brownies ní ọdún 1915. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹnu ọmọdé ti tólẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọkùnrin sì ti lọ sójú ogun. Àwọn obìnrin ni ó di púpọ̀ nínú agbo àwọn Kọ́ọ̀bù mú. Ọ̀kan nínú wọn ni Vera Barclay, tí ó ran Baden-Powell lọ́wọ́ lórí ìwé ọdún 1916 náà, tí wọ́n sì fi ṣe alábòójútó àwọn Kọ́ọ̀bù ní olú-iléeṣẹ́ ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá rò pé iṣẹ́ ọkùnrin nìkan ni Síkáòtù, kò mọ ìtàn ẹ̀ka àwọn ọmọ kékeré.

Ibo wá ni ìkookò ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Inú ìwé ìtàn ni. Rudyard Kipling, ọ̀rẹ́ Baden-Powell, ti kọ The Jungle Book ní ọdún 1894. Ìtàn ọmọ kan tí ń jẹ́ Mowgli wà níbẹ̀, ọmọ ènìyàn tí àwọn ìkookò tọ́ dàgbà nínú igbó ilẹ̀ Íńdíà. Akela ni olórí àwọn ìkookò. Baloo, ẹranko béárì, ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin igbó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe olórí agbo Kọ́ọ̀bù ní Akela di òní yìí, tí àmì ìkíni wọn àtijọ́ sì jẹ́ ìka méjì tí a nà sókè bí etí ìkookò. Wolf Cubs ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ náà títí di ọdún 1967, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí i sí Cub Scouts.

Ìkookò tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ kì í ṣe ẹranko tí Kipling ń sọ, nítorí irú tirẹ̀ kò sí ní igbó wa. Ẹranko inú ìtàn ni, gẹ́gẹ́ bí ìjàpá ti jẹ́ nínú àlọ́. Ọmọ tí ó bá ń gberin àlọ́ kò ní torí èyí di ìjàpá. Bí a bá tilẹ̀ wo ìtàn Mowgli dáadáa, a ó rí i pé àwa gan-an ni ó ń bá wí. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ náà dé ibi ìpàdé, àwọn ìkookò kan ní àjèjì ni, kí wọ́n má gbà á. Òfin wọn ni pé ẹni méjì tí kì í ṣe bàbá tàbí ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ gbè é. Baloo sọ̀rọ̀. Bagheera, ẹranko bí àmọ̀tẹ́kùn dúdú, ní òun yóò san akọ màlúù kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ọmọ àjèjì náà sí agbo. Ta ni yóò sọ̀rọ̀ gbe ọmọ àjèjì? Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ohun tí wọ́n ń ṣe, àti ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀

Wọ́n a máa pín agbo Kọ́ọ̀bù sí ìdì ọmọ mẹ́fà-mẹ́fà, ìdì kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà ni olórí, ìkejì rẹ̀ sì ń ràn án lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 10 ni olórí yìí lè jẹ́. Òun ni yóò ka àwọn ọmọ rẹ̀, òun ni yóò mọ ẹni tí kò wá, òun ni yóò fi bí a ti ń so okùn han ẹni tuntun. Ìgbà tí ó bá sì kan Akela, olórí kékeré yìí náà di ẹni tí a ń pàṣẹ fún. Ọmọ kan náà ń kọ́ bí a ti ń darí ènìyàn àti bí a ti ń gbọ́ràn, ní ìrọ̀lẹ́ kan náà. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà ń ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́ nìyí. Àwọn ọmọ tí a bí ní ìgbà kan náà a máa jọ yẹ́ ọ̀nà, wọn a jọ ṣe àárọ̀, ọ̀kan nínú wọn a sì jẹ́ olórí.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn eré wọn. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni eré ìrántí tí wọ́n ń pè ní Kim's Game, orúkọ tí ó wá láti inú ìwé Kim tí Kipling tẹ̀ jáde ní ọdún 1901. Wọ́n a to nǹkan kéékèèké bí ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sórí àtẹ: ìṣó, bọ́tìnnì, owó ẹyọ, ẹ̀wà, abẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ a wò ó fún ìṣẹ́jú kan, wọn a bò ó, ọmọ kọ̀ọ̀kan a sì sọ ohun tí ó rántí. Eré ni, àmọ́ ìyá tí ó bá ń tajà mọ ohun tí ó wúlò fún. Ọmọ tí ó lè rántí ohun tí ó wà lórí àtẹ mọ ìgbà tí ọjà kan bá dín.

Nínú ìdánwò àtijọ́ tí Kọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ yege kí ó tó gba ìràwọ̀ àkọ́kọ́ sára fìlà rẹ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ lè so kókó okùn, kí ó lè takìtì, kí ó mọ aago í wò, kí ó mọ ìdí tí ó fi yẹ kí èékánná àti eyín wà ní mímọ́. Ó tún gbọ́dọ̀ lè fi orí ru nǹkan kan, kí ó sì rìn láìfi ọwọ́ dì í mú. A mọ̀ pé èyí yóò pa àwọn ìyá wa lẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ tí ó ti ń ru àtẹ kiri láti ọmọ ọdún 6 kò nílò olùkọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Ọmọ tí ó ru àtẹ ń ru ú nítorí owó, bí ó bá dà á nù, ìbáwí ni. Ọmọ tí ó ru nǹkan nínú agbo, tí ó bá jábọ́, a tún gbé e, àwọn márùn-ún tó kù a sì máa kígbe orúkọ rẹ̀. Ọmọdé nílò ibì kan tí ó ti lè kùnà láìjẹ́ pé ẹnì kan pàdánù owó.

Èyí tí ó ga jù nínú gbogbo rẹ̀ ni iṣẹ́ oore kan lójúmọ́. Ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe ohun rere kan fún ẹlòmíràn lójoojúmọ́, láìgba owó. Kò sí ohun tí ó jẹ́ tuntun fún ọmọ Yorùbá nínú èyí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí ẹgbẹ́ náà fi kún un ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ wá oore náà ṣe, kí ẹnikẹ́ni má rán an.

Ọwọ́ òsì àti ìlú Kùmásì

Ọmọ àlè ní ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀. Ọmọ wa tí ó bá fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ojú ẹsẹ̀ ni a ń bá a wí, àwọn Àṣáńtì pẹ̀lú sì kórìíra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwa náà. Báwo ni Síkáòtù ṣe wá ń fi ọwọ́ òsì bọ ara wọn lọ́wọ́?

Ní oṣù January 1896, Baden-Powell wà lára àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wọ Kùmásì láti mú Àsántéhénè Prempeh Kìíní. Wọ́n mú un, wọ́n gbé e lọ sí Elmina, lẹ́yìn náà sí Sàró, nígbẹ̀yìn sí erékùṣù Seychelles. Ọdún 1924 ni ó tó padà wálé. Ìtàn tí àwọn Síkáòtù máa ń sọ ni pé akọni Àṣáńtì kan na ọwọ́ òsì sí Baden-Powell ní Kùmásì, ó ní akọni a máa fi ọwọ́ òsì di asà mú, nítorí náà ẹni tí ó bá na ọwọ́ òsì síni ti ju asà rẹ̀ sílẹ̀, ó ti fọkàn tánni. Bí ìtàn yìí bá rí bẹ́ẹ̀, nǹkan ìyàlẹ́nu ni pé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ wọn ni àmì ìfọkàntán yìí ti jáde, tí ó sì lọ káàkiri ayé.

Kí ni kí òbí ṣe sí i? Kí ó sọ fún ọmọ pé àmì ẹgbẹ́ ni, inú agbo nìkan ni ó mọ. Ọmọ ọdún 8 lè mọ ìyàtọ̀ yìí. Ó mọ̀ pé bí òun ti ń dọ̀bálẹ̀ nílé kọ́ ni òun ń ṣe níwájú tíṣà. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Nígbà tí àwọn alágbára nawọ́ sí àwọn ọmọdé

Ẹgbẹ́ ọmọdé a máa dà bí ẹni tí ó di í mú. Ní South Africa, wọn kò gba ọmọ aláwọ̀ dúdú sínú Síkáòtù àwọn aláwọ̀ funfun. Ní ọdún 1922 wọ́n dá ẹgbẹ́ Pathfinder sílẹ̀ fún àwọn dúdú lọ́tọ̀, ó sì di ọdún 1977 kí gbogbo ẹ̀ka tó di ọ̀kan. Òfin ẹgbẹ́ sọ pé ọ̀rẹ́ gbogbo ènìyàn ni Síkáòtù, síbẹ̀ àwọn àgbà tí ń kọ́ ọmọ ní òfin náà kò tẹ̀lé e.

Nílẹ̀ Gánà níbí, ìjọba Ààrẹ Kwame Nkrumah dá ẹgbẹ́ Young Pioneers sílẹ̀ ní ọdún 1960. Ìdí tí ó fi wáyé yé ni: orílẹ̀-èdè tuntun fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀ ju ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá ìfẹ́ ilẹ̀ ẹni, ó di yíyin olórí kan ṣoṣo. Ní ọdún 1962, Bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Áńgílíkà ní Accra, Richard Roseveare, sọ̀rọ̀ lòdì sí i, ìjọba sì lé e kúrò nílùú, kí ó tó padà dé nígbà tó yá. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 24 oṣù February 1966, wọ́n tú Young Pioneers ká. Síkáòtù, tí kò sí lábẹ́ òṣèlú kankan, kò bá ìjọba náà lọ.

Èyí ni ó mú wa dé orí ìlérí. Ọlọ́run ni Kọ́ọ̀bù ń kọ́kọ́ ṣèlérí fún, Mùsùlùmí ní ọ̀nà tirẹ̀, Kristẹni ní ọ̀nà tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni orílẹ̀-èdè. Láyé àwọn òyìnbó, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Lẹ́yìn òmìnira, ó di orílẹ̀-èdè ẹni. Ẹgbẹ́ Síkáòtù Gánà wọ ẹgbẹ́ àgbáyé ní ọdún 1960, ti Nàìjíríà ní ọdún 1961. Orílẹ̀-èdè wo wá ni ti ọmọ wa?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré. Ní ọdún 1960, nǹkan bí 100,000 ọmọ Yorùbá ni ètò ìkànìyàn rí ní Gánà. Àwọn tí wọ́n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti àwọn ìlú mìíràn ti ń tajà láti Accra títí dé Tamale, a sì ti bí ọmọ àti ọmọ-ọmọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù November 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ fi ìwé àti ọ̀rẹ́ sílẹ̀ lọ sí ìlú tí kò rí rí, tí a ní ilé bàbá rẹ̀ ni. Ní oṣù January 1983, Nàìjíríà náà pàṣẹ lé àwọn ọmọ Gánà, ẹkún kan náà ni àwọn ọmọ tiwọn sun. Láàárín méjèèjì, ní ọdún 1979, ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn pé kí ọmọ ilẹ̀ kan lè máa wọ ilẹ̀ kejì. Ìwé àdéhùn dára, ṣùgbọ́n aládùúgbò tí ó mọ ọmọ rẹ lórúkọ ni yóò sọ̀rọ̀ gbè é lọ́jọ́ tí ìwé kò bá tó.

Ibi tí agbo Kọ́ọ̀bù ti wúlò fún ọmọ àjò gan-an nìyí. Nínú ìdì ọmọ mẹ́fà, ọmọ Yorùbá, ọmọ Àṣáńtì, ọmọ Gáà àti ọmọ Dàgọ̀m̀bà lè jọ di okùn kan mú. Ọmọ tí ó ti fi èjìká ti èjìká rẹ láti ọmọ ọdún 8 kò ní tètè pè ọ́ ní àjèjì bí ẹ bá di àgbà. Ní ti ìlérí, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fàyè gba ọmọ àjèjì láti ṣèlérí fún ilẹ̀ tí ó ń gbé. Ó yẹ kí òbí bi Akela léèrè bí tiwọn ti rí, kí ọmọ má baà fi ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí kò yé e.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Lákọ̀ọ́kọ́, kí òbí dé ibi ìpàdé fúnra rẹ̀. Ní oṣù February 2020, ẹgbẹ́ Síkáòtù ti Amẹ́ríkà lọ sílé-ẹjọ́ láti kéde pé òun ti wọko gbèsè, nítorí ẹjọ́ àwọn tí wọ́n ní àwọn olórí bá àwọn ṣèṣekúṣe nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Àwọn tí wọ́n mú ẹ̀sùn wá lé ní 80,000. Nítorí náà, kí a béèrè lọ́wọ́ agbo yòówù pé àgbà mélòó ni ó máa ń wà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Kò yẹ kí ọmọ àti àgbà kan ṣoṣo dá wà níbi tí ojú kò tó. Olórí rere kò ní bínú sí ìbéèrè yìí.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí a yọ̀ǹda ọ̀sán kan fún ọmọ lọ́sẹ̀. A mọ bí ọjà ti rí, a sì mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ ń ranni lọ́wọ́ ní ìsọ̀. Àmọ́ ọmọ tí ó mọ ìsọ̀ nìkan, oníbàárà nìkan ni yóò mọ̀ ní ìlú tí a bí i sí.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí àwọn àgbà wa mú tiwa lọ síbẹ̀. Bí agbo bá lè fi ìtàn ilẹ̀ Íńdíà tí òyìnbó kọ kọ́ ọmọ, ó lè fi àlọ́ ìjàpá àti ti Anansi kọ́ wọn pẹ̀lú. Eré ẹkùn mẹ́ran, tí àwọn ọmọ ń di ara wọn lọ́wọ́ mú yíká kí ẹkùn má baà rí ẹran gbé, bá agbo Kọ́ọ̀bù mu rẹ́gí. Ìyá àgbà tí ó bá lè fi wákàtí kan pàlọ́ fún ọmọ ogún, tí mẹ́rin péré nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, ti sọ èdè wa di ohun tí àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù mọ̀ lẹ́nu. Àwọn mẹ́rin náà kò sì ní tijú rẹ̀ mọ́.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní àjò, ilé tí à ń kọ́ ju ti bíríkì lọ: ojú tí àwọn aládùúgbò fi ń wo wa wà lára rẹ̀, àwọn ọmọdé wa ni wọ́n sì ń bá wa kọ́ ọ lójoojúmọ́. Kí Elédùmarè dá wọn sí fún wa, kí ó sì fún wọn ní ọ̀rẹ́ tí yóò sọ̀rọ̀ gbè wọ́n.